Iná Tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Tí Wọ́n Pa Iná

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ilé Bùrẹ́ímọ̀ ní Ifọ̀, nítorí náà kò sí bí n kò ṣe ní mọ Ròkíátù. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ wà lẹ́bàá ojú irin. Mọ́tò ló ń tún ṣe níbẹ̀, kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ o, mọ́tò iná ni: irú èyí tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta, tó ń fa omi kànga, tó ń yí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá nílé-iṣẹ́. Bí ọ̀kan bá jóná, Bùrẹ́ímọ̀ á tú wáyà inú rẹ̀ dànù, á sì wé kọ́pà tuntun sí i. Ihò tí wáyà ń gbà wọ ara irin náà tóóró, ọwọ́ àgbàlagbà kì í fẹ́ gbà á. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé Ròkíátù ló ń bá a ki wáyà láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn. Bùrẹ́ímọ̀ á ní kí wọ́n lọ bi wáyà léèrè bóyá ó mọ ọwọ́ ọkùnrin yàtọ̀ sí tobìnrin.

Nígbà tí Bùrẹ́ímọ̀ fi máa kú, kò sí mọ́tò tí Ròkíátù kò lè tú kó sì tò padà. Ó ti lọ́kọ nígbà náà. Mọ́nsúrù, awakọ̀ típà, ló fẹ́ ẹ, wọ́n sì ń gbé ní Ibafo, lẹ́yìn ilé epo kan létí òpópónà márosẹ̀. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọbìnrin kan, Muslimah. Lọ́dún 2001, Ròkíátù ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan ní Ibafo níbẹ̀, tó ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n ń rọ omi mímu sí. Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà ló ni iléeṣẹ́ náà, díákónì kan tó ti Èkó kó wá. Ohùn rẹ̀ máa ń ròkè, inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru, ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní ènìyàn burúkú.

Ẹ̀rọ márùn-ún ló ní. Hóró ike ni wọ́n ń dà sí ẹ̀rọ náà lẹ́nu, á yọ́ ọ nínú, á sì fẹ́ ẹ jáde ní ọ̀rá. Iná ìjọba kì í sábà wà, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò, jẹnẹrétọ̀ náà kò sì lè gbé ju ẹ̀rọ mẹ́ta lọ. Bí wọ́n bá tan ìkẹrin, á kérora bí ẹni tí wọ́n di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lé lórí, á sì kú. Olúsànyà ti ń múra àtira èyí tó tóbi jù ú lọ kí Ròkíátù tó lọ bá a ní ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, ẹ má tíì ra nǹkan kan," ó ní. "Oríṣi iná méjì ni mọ́tò ń gbà. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, òun ló ń yí irin, òun ló ń di ọ̀rá tí ẹ ń rí yìí. Èkejì kì í ṣe iṣẹ́ kankan tí ojú lè rí. Ó kàn ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín jẹnẹrétọ̀ àti mọ́tò ni, kí irin inú mọ́tò lè di òòfà. Láìsí i, mọ́tò ò lè yí. Àmọ́ ó ń gba àyè lójú wáyà. Ó dà bí èrò tó wọkọ̀ láti Ibafo dé Ọjọ́ta, tí kò sọ̀ kalẹ̀, tó tún bá ọkọ̀ náà padà wálé. Kò rà, kò tà, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ò rí àyè rẹ̀ jókòó sí."

"Kí ni ká wá ṣe sí i?"

"Kapásítọ̀ ni, sà. Tí mo bá so kapásítọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò kọ̀ọ̀kan, òun àti mọ́tò ni wọ́n á jọ máa pín iná àlọ-àbọ̀ yẹn láàárín ara wọn. Kò ní dé ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ mọ́."

Olúsànyà gbà á gbọ́ díẹ̀, kò gbà á gbọ́ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ròkíátù fi so àwọn kapásítọ̀ náà, àwọn agolo irin gígùn tó tó igo ọtí, mẹ́ta mẹ́ta lẹ́yìn mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tan ẹ̀rọ kẹrin, jẹnẹrétọ̀ náà kò ṣe bí ẹni gbọ́. Ó tan ìkarùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ pariwo. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Kapásítọ̀, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn nínú ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ni Ògúnkànmí. Ògúnkànmí ni olórí àwọn tó ń tún irin ẹ̀rọ ṣe, ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń ti Òkè-Àrò wá síṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó ti gbé mọ́tò wá fún Bùrẹ́ímọ̀ tún ṣe rí nígbà èwe rẹ̀, ó rántí ọmọdébìnrin tó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ tí wáyà yí lẹ́sẹ̀ ká. Nítorí ìyẹn ló fi mú un bí àbúrò. Abẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́nu géètì ni wọ́n ti jọ máa ń jẹun ọ̀sán, Ògúnkànmí sì máa ń ṣàwàdà pé kúlíkúlí tí Ròkíátù gbé wá kò tó. Irin ló mọ̀, kò mọ iná, ẹ̀rù iná sì ń bà á. Kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ Ròkíátù.

"Ọmọ Bùrẹ́ímọ̀, ṣé o ti pa iná?"

"Mo ti pa á, ẹ̀gbọ́n."

Ìgbà náà ni yóò tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ẹlòmíì bá dá a lóhùn, á tún ìbéèrè náà bi títí yóò fi gbọ́ ohùn Ròkíátù.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe báyìí. Nígbà tó di ọdún 2006, Olúsànyà gbọ́ nípa dráífù lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àpótí kan ni, wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri láàárín iná àti mọ́tò, òun ni yóò sì máa pàṣẹ bí mọ́tò ṣe máa yára tó. Kí ó tó dé, eré kan náà ni mọ́tò ń sá láti àárọ̀ dalẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀rá nípọn tàbí kó fẹ́lẹ́, wọ́n á tú jíà, wọ́n á tún un tò. Pẹ̀lú dráífù, ọwọ́ lásán ni wọ́n á fi yí bọ́tìnnì kékeré kan.

Ẹnjiníà Dáníẹ́lì, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbé ní Mowe, ni Olúsànyà pè láti wá so wọ́n. Yunifásítì ló ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, Ròkíátù sì ti ń sún mọ́ ogójì, síbẹ̀ "ìwọ" ló ń pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dúró lẹ́yìn mọ́tò, ó fi orí bàtà kan àwọn kapásítọ̀ náà.

"Ta ló so gbogbo èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Yọ wọ́n kúrò. Mọ́tò tó bá ti wà lórí dráífù kò gbọ́dọ̀ ní kapásítọ̀ lẹ́sẹ̀. Dráífù ní tiẹ̀ nínú. Tìẹ yìí ti di ẹrù àtijọ́."

Àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ròkíátù kò bèèrè ìdí rẹ̀, Dáníẹ́lì náà kò sì sọ ọ́.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni Dáníẹ́lì kọ́kọ́ so dráífù sí, Ròkíátù sì yọ kapásítọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe wí. Lẹ́yìn tí wọ́n tan wọ́n, ó mú mítà rẹ̀, èyí tó lẹ́nu bí alákàn, ó fi gbá wáyà tó ti ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ wọ inú dráífù mú. Iye tó rí níbẹ̀ jọ iye tó máa ń rí nígbà tí kapásítọ̀ tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Dáníẹ́lì: kapásítọ̀ inú dráífù ló ń bá mọ́tò pín iná àlọ-àbọ̀ náà báyìí. Iṣẹ́ tí òun fi ọdún márùn-ún gbayì fún, àpótí kan ti gbà á.

Ó sọ ọ́ fún Ògúnkànmí lábẹ́ igi fúrúùtù. Ìyẹn ní, "Ṣebí kí iṣẹ́ ṣáà ti máa lọ ni."

Ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn Ròkíátù. Bó ṣe ń rò ó lọ́nà ilé, bó ṣe ń rò ó lórí ìrun, ibì kan náà ni èrò rẹ̀ ń já sí: bí tòun bá dára, tí ti dráífù bá dára, bí méjèèjì bá wá wà pọ̀ ńkọ́? Ṣé iná tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé kò ní tún dín kù sí i ni? Bó bá lè fi mítà hàn án, ó fẹ́ mú Olúsànyà dání kó wá wò ó, kí Dáníẹ́lì náà dúró níbẹ̀. Kò ní èrò ìkà kan lọ́kàn. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun kò tíì di ẹrù àtijọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù kọkànlá ni Dáníẹ́lì so dráífù sí ẹ̀rọ kẹrin. Ó ní òun ní iṣẹ́ ní Èkó lọ́jọ́ kejì, pé kí Ròkíátù yọ kapásítọ̀ rẹ̀, kí wọ́n máa tan án. Ó tún pè é sídìí àpótí náà, ó fi ìwé aláwọ̀ ìyeyè tó lẹ̀ mọ́ ọn hàn án. Ó ní bí wọ́n bá pa iná, iná ṣì wà nínú kapásítọ̀ inú dráífù, pé ó ju ti inú ilé lọ ní ìlọ́po méjì, pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò fi tán. Ròkíátù gbọ́ èyí dáadáa.

Ṣùgbọ́n kò yọ kapásítọ̀ ẹ̀rọ kẹrin. Ọ̀rá dúdú kan ló fi bò ó lẹ́yìn mọ́tò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i bí kò bá rá kòrò wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

Aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ tan án. Wọ́n ti gbé iná gbígbóná sí ara ẹ̀rọ láti àárọ̀, ike ti yọ́ nínú rẹ̀. Ròkíátù tẹ bọ́tìnnì. Mọ́tò náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà pupa yọ lójú dráífù, gbogbo rẹ̀ sì kú. Ó tún un tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, nǹkan kan ta páù nínú àpótí náà, òórùn ike tó ń jó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ẹ̀rọ.

Olúsànyà sáré jáde ní ọ́fíìsì, fóònù wà létí rẹ̀, ó ti pe Dáníẹ́lì.

"Ó ní ṣé o ti yọ kapásítọ̀!" ó pariwo láti ọ̀nà jíjìn.

Gbogbo ojú wà lára Ròkíátù. Ó sọ fún mi pé bí ilẹ̀ bá lanu ní wákàtí yẹn, òun ìbá kó sí i.

"Mo ti yọ ọ́, sà."

Olúsànyà na fóònù sí i. Ohùn Dáníẹ́lì ń já, ó ń padà wá. "Bí o bá ti yọ ọ́, a jẹ́ pé wáyà kan ló dẹ̀. Pa iná láti orí bíréékà. Dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan inú rẹ̀. Ṣé o gbọ́? Lẹ́yìn náà kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀."

"Mo gbọ́, sà."

Ó sọ fún wọn pé wáyà kan ló dẹ̀ nínú àpótí, ó sì pa bíréékà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà tó fún òun láti lọ tú kapásítọ̀ yẹn kúrò kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Kò dúró nídìí àpótí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á bi í pé ibo ló ń lọ. Ó mú sípánà, ó rá wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ kẹrin.

Olúsànyà ń pariwo pé ike inú ẹ̀rọ máa gan, pé ẹ̀rọ máa bàjẹ́, ẹ ṣe nǹkan kan! Ògúnkànmí mú súkúrúdíráfà. Ó ti rí i tí Dáníẹ́lì de ìdí wáyà inú àwọn dráífù tó kù, kò sì ju kí ènìyàn fún nǹkan mọ́lẹ̀ lọ. Ó ṣí ìdérí àpótí náà. Iná pupa kékeré kan ṣì ń tàn nínú rẹ̀. Kò mọ ohun tó ń wí.

Bó ṣe máa ń ṣe, ó kọ́kọ́ bèèrè.

"Ọmọ Bùrẹ́ímọ̀! Ṣé o ti pa iná?"

Ròkíátù wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, nọ́ọ̀tì kejì ló ń tú. Ó gbọ́ ọ. Ó rò pé Ògúnkànmí rí òun nígbà tí òun ń rá kòrò wọlé ni, pé ẹ̀rù ń bà á nítorí òun.

"Mo ti pa á, ẹ̀gbọ́n!"

Ariwo tó gbọ́ kò pọ̀, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi pákó gbá ilẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e ló mú un sáré jáde. Ògúnkànmí wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dúdú láti orí àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ Olúsànyà. Ọ̀nà márosẹ̀ dí lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ó ti kú.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà jáde, tí gbogbo ènìyàn dúró sí géètì tí wọ́n ń sunkún, Ròkíátù padà sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ kẹrin. Ó tú nọ́ọ̀tì tó kù. Ó kó kapásítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú báàgì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, kò sì gbójú sókè nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní òun ò mọ ohun tó gbé òun débẹ̀.

Ọlọ́pàá wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n bi í bóyá ó pa iná, ó ní òun pa á. Òótọ́ ni, ènìyàn mẹ́fà sì jẹ́rìí sí i. Dáníẹ́lì wá, ó pààrọ̀ fíúsì kan, ó tan ẹ̀rọ náà. Ó ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Dáníẹ́lì kúnlẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó wo Ròkíátù, kò sọ̀rọ̀. Olúsànyà ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní Dáníẹ́lì ló fa ikú yìí, pé ó gbé nǹkan eléwu síbẹ̀, ó sì gba Èkó lọ. Ó sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ fún àwọn oníléeṣẹ́ tó kù láti Ibafo dé Mowe. Kò pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi pe Dáníẹ́lì síṣẹ́ mọ́ lágbègbè náà. Ròkíátù gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì pa ẹnu mọ́.

Òkè-Àrò ni wọ́n sin Ògúnkànmí sí. Ròkíátù dúró lẹ́yìn gbogbo èrò. Wọ́n kọ orin, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Lóṣù kejì, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. "Ta ló bi ọ́?" Mọ́nsúrù ní. "Kò sẹ́ni tó bi ọ́. Ṣé ẹ̀wọ̀n ló wù ọ́ ni? Ọlọ́run ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fi í sílẹ̀." Láti ọjọ́ náà, bí Ròkíátù bá fẹ́ la ẹnu lé ọ̀rọ̀ náà, Mọ́nsúrù á dìde, á lọ fọ ọkọ̀.

Ọ̀dọ̀ Dáníẹ́lì ló kọ́kọ́ lọ, ní Mowe, nínú yàrá kan tí àpótí ìwé kún. Ó ti ń di ẹrù. Ó ní àwọn ará ilé òun ní kí òun máa bọ̀ ní Ìlọrin. Ròkíátù kúnlẹ̀ fún un, àgbàlagbà bíi tiẹ̀.

"Ẹnjiníà, n kò yọ ọ́."

"Mo mọ̀, mà," Dáníẹ́lì dáhùn. "Mo rí ojú ibi tí sípánà ti ha irin. Ó ṣì ń dán. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀. "Nítorí pé mo ní kí ẹ yọ ọ́, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Mo rò pé ẹ ò lè mọ̀ ọ́n." Ó wá sọ ọ́ fún un nígbà náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ti yẹ kó sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní iná tó ń wọ dráífù ni ó ń rọra lọ rọra bọ̀ bí ìgbì omi. Èyí tó ń jáde sí mọ́tò, gígé ni dráífù ń gé e, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà inú mọ́tò lè fara da ìyẹn. Kapásítọ̀ ò lè fara dà á. Gbogbo gígé náà ló ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n fi irin so wáyà méjì pọ̀. Ìyẹn ni dráífù fi ń kú.

Ròkíátù ní ó yé òun kíá, pé kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi sọ ọ́ tán. Ìgbà tó yé e gan-an ni inú rẹ̀ wá bàjẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún ọ̀gá," ó ní, "kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin."

Dáníẹ́lì mi orí. Síbẹ̀ ó lọ. Olúsànyà gbọ́ ọ dópin, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti parí, pé òun ti tọ́jú ẹbí olóògbé, pé bí ọ̀rọ̀ bá tún hú, wọ́n á ti iléeṣẹ́ pa, ènìyàn ogójì á pàdánù oúnjẹ. Ó bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bẹ̀ ẹ́. Ròkíátù fi kọ́kọ́rọ́ yàrá iná lé orí tábìlì, ó sì jáde. Dáníẹ́lì ti lọ sí Ìlọrin kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì wọlé mọ́.

Ẹni tó kù ni Ọmọ́títí, ìyàwó Ògúnkànmí. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Àrò. Ọjọ́ Sátidé ni Ròkíátù lọ, lóṣù kẹrin ọdún 2007. Ọmọ́títí ń ṣe ìwé àwọn ọmọ kíláàsì lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn láti rí i. Ó ní, "Ọmọ Bùrẹ́ímọ̀, ọkọ mi ò lè jẹun kó má dárúkọ rẹ." Ó gbé omi fún un.

Ròkíátù kò mu omi náà. Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ lọ́nà tí kò lórí tí kò nídìí, Ọmọ́títí sì dá a dúró.

"N kò mọ nǹkan kan nípa iná. Sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ fún ọmọdé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí o máa mú un."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ó sọ ohun tí kapásítọ̀ jẹ́, pé ó máa ń gba iná pamọ́ sínú. Ó sọ ti ẹ̀yìn mọ́tò, ó sọ ti inú dráífù. Ọmọ́títí ń bèèrè ìbéèrè, ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání, bíi ti ẹni tó fẹ́ mọ ẹ̀kọ́ náà kó lè kọ́ ẹlòmíì.

"Nígbà tí o pa iná, inú àpótí yẹn ṣì ní iná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ìwọ nìkan lo mọ̀, nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Ìgbà tó pè ọ́, ìṣẹ́jú mélòó ló kù?"

Ròkíátù ti ṣírò rẹ̀ láìmọye ìgbà. "Mẹ́fà, mà. Bóyá méje."

"Mẹ́fà," Ọmọ́títí ní. Ó kó àwọn ìwé ọmọ ilé-ìwé jọ, ó tò wọ́n kí etí wọn gún. "Gbogbo wọn ló sọ fún mi pé ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Pásítọ̀ sọ ọ́. Ọ̀gá yín sọ ọ́. Mo ti ń gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ti ń gbìyànjú àtisùn." Ó ti àwọn ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "O ṣeun tó o sọ òtítọ́ fún mi. N kò lè dárí jì ọ́. Má wá síbí mọ́."

Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Kò gbá ilẹ̀kùn. Ròkíátù ní bó bá gbá a ni, ó ṣeé ṣe kó sàn fún òun díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Òun àti Mọ́nsúrù kò jà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún yípo, ó ti kó padà wá sí Ifọ̀ pẹ̀lú Muslimah, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé mọ́tò wá fún un, torí pé kò sí ẹni tó ń wé wáyà bíi tiẹ̀ láti Ifọ̀ dé Owódé. Á wé e, á dè é, á dúró síbẹ̀. Kì í tan án wò. Oníbàárà ni yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì láti lọ fi iná sí i.

Lọ́dún tó kọjá, 2008, Muslimah jáde ilé-ìwé girama. Ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ bàbá àgbà, ó sì ní ọwọ́ fún un, mo ti rí i tó ń ki wáyà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Mo bá a bẹ ìyá rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ìran yín ni, Ròkíátù, ta ni yóò ṣe é lẹ́yìn rẹ?

"Kò sẹ́nìkan," ó ní.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan nítòsí ọjà. Ó san owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, ó padà wá, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì jókòó ti mọ́tò tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, láìfọwọ́ kàn án.